Ẹ Má Pe Ọmọ Ní Ọ̀lẹ Kí Ẹ Tó Wo Ẹsẹ̀ Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Bàtà Onítáyà Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Wọ́n tún ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òwe méjèèjì yìí ni mo fẹ́ so pọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nínú Barking Park, tí ó sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò rí kọ́ nínú gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì.

Iṣẹ́ amójútó ìgbáyégbádùn àwọn ìdílé ni mo ń ṣe. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń wọ ilé onílé ní agbègbè Barking àti Dagenham. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tí ń gbé lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yìí lé ní 218,000, àwọn ọmọ Yorùbá kò sì kéré láàárín wọn. Ẹ gba Heathway kọjá ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ mà" títí yóò fi sú yín láti dáhùn. Nínú àwọn ilé tí mo ń wọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ léraléra lẹ́nu ìyá àti bàbá: "Ọmọ yìí ya ọ̀lẹ. Iwájú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ó mọ̀." Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ọmọ bíbí inú mi ni mo sọ ọ́ sí, mo sì ṣì í sọ.

SIKÉÈTÌ TÍ MO RÀ

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Ó ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bàtà onítáyà tí àwọn ọmọ ń pè ní sikéètì, irú èyí tí táyà mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ bàtà. Láti oṣù Kẹjọ títí di ọdún Kérésìmesì ni ó fi ń bẹ̀ mí. Mo ro owó ilé, mo ro owó iná, mo ro owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa nílé. Nígbà tí mo wá rí èyí tí ó pupa fòò, tí ó ń dán yinrin, tí owó rẹ̀ kò sì ju £14 lọ, mo ní orí mi ṣe é re. Mo tilẹ̀ rà á ní nọ́ńbà méjì ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kí ó lè wọ̀ ọ́ pẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ra bàtà ọdún fún wa.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ sí Barking Park, ní etí adágún omi, ọmọ náà kò lè lọ ju ogún ìṣísẹ̀ lọ kí ó tó jókòó. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ sínú. Táyà ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àwọn ọmọ tí kò tó o lọ́jọ́ orí ń kọjá lára rẹ̀ fìrìfìrì.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́ ẹ? Dìde jàre, má ya ọ̀lẹ."

Ó dìde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, táyà iwájú kan dúró gbagidi lójijì. Ó ṣubú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹlẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì sán. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó fi gbé ọwọ́ kọ́rùn. Nígbà tí ọwọ́ náà jinná, ó ti sikéètì sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi kì í ṣe ẹni eré." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí ó wá sáré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò tún sọ: òun kì í ṣe ẹni eré. Ọwọ́ ti san, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti kán nínú ọmọ náà.

OHUN TÍ BÀBÁ FI HÀN MÍ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti ṣe mẹkáníìkì ní Mushin kí ó tó wá sí ìlú yìí, wá kí wa ní ọjọ́ ìsinmi kan. Nígbà tí ó gbọ́ ìtàn ọwọ́ ọmọ náà, ó ní kí wọ́n gbé bàtà náà wá kí òun wò ó. Ó fi ìka gbá táyà kan. Kò yí tó ìdajì kí ó tó dúró. Ó tọrọ sípánà, ó tú táyà náà, ó tú òmíràn. Nínú táyà mẹ́rin, kò sí béárìn kankan. Ike lásán ni ó ń ha irin. Béárìn tí ó wà nínú ìyókù ti dógùn-ún.

Bàbá gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Iṣẹ́ ẹni méjì ni ẹ gbé fún un. Ẹni tí ó ń ti ọkọ̀ tí búrékì rẹ̀ ti há, ta ni yóò pè é ní ọ̀lẹ?"

N kò rí èsì fún Bàbá. Ọ̀rọ̀ béárìn náà rán mi létí ìgbà èwe wa ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò a máa tọrọ béárìn àlòkù lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọn a kàn án mọ́ pákó, wọn a fi ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Kí wọ́n tó kan pákó rárá, wọn a fi ìka yí béárìn náà, wọn a sì gbé e sí etí. Ọmọ tí béárìn tirẹ̀ bá ń dún kìrìkìrì ti mọ̀ pé òun ni yóò gbẹ̀yìn. Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ̀ ni èmi ọ̀mọ̀wé gbàgbé ní London.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo rí i pé nínú ìlú London yìí gan-an ni apá kan ìtàn bàtà onítáyà ti ṣẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni John Joseph Merlin, tí a bí ní ìlú Huy ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Belgium lónìí, dé London ní ọdún 1760. Ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tí ń ṣe ohun èlò orin àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ sọ pé ó wọ bàtà onítáyà lọ sí òde àríyá kan ní Soho, ó ń ta gòjé bí ó ti ń yọ̀ lọ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà náà kò ní búrékì, kò sì ṣe é darí. Ó lọ kọlu dígí ńlá kan tí owó rẹ̀ lé ní £500. Dígí fọ́, gòjé fọ́, òun náà sì fara pa. Ọgbọ́n kò wọ́n Merlin; bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó dà á.

Ní ọdún 1823, Robert John Tyers, ará London, gba ìwé àṣẹ fún bàtà tí táyà márùn-ún tò ní ìlà kan lábẹ́ rẹ̀. Ní 1863, James Plimpton ní New York ṣe èyí tí táyà rẹ̀ tò ní méjì-méjì, tí ó sì ń yà bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá fara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí pé tirẹ̀ gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu, òun ni ó gbòde fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi polyurethane, tí ó rọ̀ díẹ̀ tí ó sì ń di ilẹ̀ mú, ṣe táyà dípò irin tàbí amọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Scott Olson, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbá hockey orí yìnyín ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, tún bàtà onílà kan ṣe, ilé iṣẹ́ Rollerblade sì ti ibẹ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i pé títo táyà ní ìlà kan kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Ohun tí ó jẹ́ kí ayé gbà á ni pé táyà, béárìn àti bàtà fúnra rẹ̀ ti dára sí i.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ó YẸ KÍ ÒBÍ WÒ

Èkíní ni bàtà fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ mu. Ìka ẹsẹ̀ lè fara kan iwájú bàtà fẹ́rẹ́ bí ọmọ bá dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ orúnkún rẹ̀, ìka yóò sún sẹ́yìn, gìgísẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbé sókè kúrò nílẹ̀ bàtà. Ẹ tẹ ibi tí ó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká pẹ̀lú ọwọ́ yín méjèèjì. Bí ó bá rọ̀ bí páálí, kò ní lè gbé ọmọ dúró. Bí bàtà bá tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ a máa rìn káàkiri nínú rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ a sì tẹ̀, kódà bí bàtà náà bá jẹ́ olówó iyebíye. Nítorí náà, àṣà rírà á ní nọ́ńbà ńlá kí ó lè pẹ́ kò dára fún sikéètì. Irú kan wà tí a lè fà gùn bí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń dàgbà. Òun ni ó yẹ ẹni tí ń ṣọ́ owó ná.

Èkejì ni táyà. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ti gidi a máa gba èékánná díẹ̀, a sì padà sípò. Ti ike a le koránkorán bí ìdérí garawa. Àmì líle rẹ̀ ni nọ́ńbà tí lẹ́tà A tẹ̀ lé, bí àpẹẹrẹ 78A tàbí 85A. Bí nọ́ńbà náà bá ti ga sí i ni táyà ń le sí i. Èyí tí ó rọ̀ díẹ̀ dára fún ojú ọ̀nà inú ọgbà wa tí kò tẹ́jú tán, nítorí pé ó ń gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra kí ó tó dé orúnkún ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni béárìn. Táyà kọ̀ọ̀kan ní méjì, nítorí náà bàtà méjèèjì tí ó ní táyà mẹ́rin-mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní béárìn mẹ́rìndínlógún. Ẹ yí táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ́tí. Ti tuntun tí gíríìsì rẹ̀ ṣì nípọn lè má yí pẹ́ lọ́wọ́, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún bí ẹni ń lọ iyanrìn, tàbí tí táyà ń mì sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò a máa kọ ABEC 5 tàbí ABEC 7 gàdàgbà sí ara páálí. Bí wọ́n ṣe wọn béárìn náà gún régé tó nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ bí irin rẹ̀ ti dára tó, kò sì sọ irú gíríìsì tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni òpó tí ó di táyà mú lábẹ́ bàtà, pẹ̀lú búrékì. Bí òpó náà bá ń yí pọ́rọ́pọ́rọ́ nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ, agbára ọmọ yóò máa ṣòfò síbẹ̀. Búrékì sì gbọ́dọ̀ wà ní gìgísẹ̀ ọ̀kan nínú bàtà méjèèjì, kí ó má sì tíì jẹ tán. Ọmọ tí kò lè dúró yóò bẹ̀rù láti sáré.

KÍ NI ÈYÍ NÍ Í ṢE PẸ̀LÚ ÌLERA?

Àwọn olórí oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Northern Ireland gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2019: ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 18 gbọ́dọ̀ máa ṣe ìdárayá tí ó mú kí ọkàn rẹ̀ lù kíkankíkan fún ìwọ̀n ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́, bí a bá dá gbogbo ọ̀sẹ̀ papọ̀ tí a sì pín in. Barking àti Dagenham wà lára àwọn agbègbè tí àwọn ọmọ tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò sọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ní fúláàtì tí kò ní àgbàlá, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń ṣiṣẹ́ òru.

Sikéètì lè ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Itan, ìdí, ẹ̀yìn àti ikùn ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gbá orúnkún nílẹ̀ bí eré sísá. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ìdárayá kì í ṣe ti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lórí sikéètì tí ó dára, ọmọ yóò ti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, yóò sì yọ̀ lọ lórí èkejì. Yóò tún tì, yóò tún yọ̀. Ó ń sinmi díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, èyí ni ó fi lè ṣe é fún wákàtí kan láìmọ̀. Lórí sikéètì tí kò dára, kò sí ìyọ̀lọ. Ṣe ni ọmọ ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó ń làágùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò dá a dúró kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó jẹ àǹfààní kankan. Ìgbádùn kọ́ ni ohun tí a fi kún ìdárayá lẹ́yìn tí ó bá parí. Òun ni ó ń mú ọmọ padà wá lọ́la.

ẸNI TÍ YÓÒ ṢUBÚ KÍ Ó MÚRA

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ sikéètì tí kò ní ṣubú. Èmi kò ra ohun ìdáàbòbò kankan fún ọmọ mi, ẹ̀bi mi ni èyí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà nínú New England Journal of Medicine ní ọdún 1996 fi hàn pé ewu fífi ọrùn ọwọ́ ṣèṣe tó ìlọ́po mẹ́wàá fún àwọn tí kò de ọrùn ọwọ́ wọn lórí irú bàtà yìí, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí ó dè é. Ẹ ra akoto tí wọ́n kọ EN 1078 sí lára. Ẹ ra ti ọrùn ọwọ́, ti ìgbọ̀nwọ́ àti ti orúnkún tí wọ́n kọ EN 14120 sí. Bàtà fúnra rẹ̀ ní àmì tirẹ̀, EN 13843. Bí ọwọ́ bá ká ohun ìdáàbòbò kan ṣoṣo lẹ́yìn akoto, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti ọrùn ọwọ́.

OWÓ DÀ?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹ ń bi mí nìyẹn. Bí a bá wà nílé, tòkunbọ̀ ni à bá wá. Níbi tí a wà yìí, òkun náà ni a ti wà. Àlòkù sikéètì tí ó jẹ́ ti gidi sàn ju tuntun tí ó jẹ́ ti ìṣeré lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ a máa tètè dàgbà, nítorí náà ọ̀pọ̀ sikéètì gidi ni wọ́n ń tà nígbà tí wọn kò tíì gbó. Ẹ lo ọ̀nà mẹ́rin tí mo kà sókè yìí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún wò ó bóyá ike bàtà náà ti ń sán, nítorí pé èyí tí ó ti wà ní òkè àjà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè máa rún wẹ́wẹ́. Táyà àti béárìn ṣe é pààrọ̀ láìra bàtà mìíràn. Bí òjò bá pa á, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ má sì tì í sínú ọ̀rá. Omi ni ikú béárìn. Bí ẹ̀gbẹ́ inú táyà bá ń jẹ ju ti òde lọ, ẹ yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ òde bọ́ sínú.

Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta tún lè dá owó jọ bí èsúsú, kí ọmọ tí ó ṣáájú máa fi bàtà sílẹ̀ fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Mo ti rí i kí ilé mẹ́rin ní Becontree ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́.

MO TỌRỌ ÀFORÍJÌ

Bàbá ni ó bá wa yẹ àlòkù tí a rà ní £25 wò. Ó yí táyà, ó gbé e sí etí, ó mi orí. Mo pe ọmọ mi jókòó. Mo ní, "Mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ nígbà tí bàtà ni kò dára. Má bínú sí mi." Ojú rẹ̀ là. Kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Àwọn kan nínú wa lè rò pé òbí kò gbọdọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ náà ti sọ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Èmi ni kò gbọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbà láti tún wọ̀ ọ́. Ní Barking Park, ní etí adágún kan náà, ó di ọwọ́ mi mú fún bí ogún ìṣísẹ̀, ó sì jáwọ́. Ó lọ, ó lọ, títí mo fi ní láti pè é padà. Nígbà tí ó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún dúró kí ẹ máa wò mí." Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi dúró nínú òtútù ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, a kì í fún ọmọ ní àdá tí ó kújú kí a tún máa bá a wí pé oko kò mọ́. Bí ọmọ yín bá sá fún eré kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí ó ti ń dùn ún, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ gbé lé e lọ́wọ́ tàbí tí ẹ wọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ ó rà, ẹ ò ní ṣì í rà. Àwọn ọmọ wa yóò dàgbà nínú ìlera. Ire o.